Ẹ Wo Abẹ́ Ọ̀dà Náà Kí Ẹ Tó Da Funfun Lé E

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrójú. Mo rí fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ẹ gbé jáde níjelòó, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún inú rẹ̀ ṣe fún ayẹyẹ ọdún ìdásílẹ̀. Akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ pé inú ilé Ọlọ́run náà ti wá funfun báláú. Kò purọ́. P.O.P. lókè, táìlì dé àyà ògiri, iná wínníwínní nínú àjà. Ó mọ́ lójú, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lábẹ́ funfun yẹn, torí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ nígbà kan, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ìwé yìí. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún. Irú wọn pọ̀ ní Erékùṣù Èkó, wọ́n sì wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Yábàá náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo wọn, ó sì kan àwọn ilé ẹbí wa.

Akunlé ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Làfíàjí ni wọ́n bí mi sí, Pópó Àgùdà ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ Àgùdà, ìran àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Mùsùlùmí ni mí, Lèmọ́mù ni bàbá tó bí mi, ṣùgbọ́n ká má parọ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti jẹun jù nídìí iṣẹ́ yìí. Kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ọmọ Àgùdà, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ní Martins Street. Yusuf Grillo, ọmọ àdúgbò Àgùdà wa yìí tó kú ní 2021, ló ya gíláàsì aláràbarà sí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì lóríṣiríṣi. Bí a ṣe ń ṣe é l'Ékòó nìyẹn.

Lóde òní, bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí akunlé, rólà àti ike ẹmọ́ṣàn ló máa gbé dé. Nígbà tiwa, ẹni tó mọ kíkùn nìkan kò tíì mọṣẹ́. Ọnà ni iṣẹ́. Páálí líle ni ọ̀gá mi fi ń ṣe patánì. Á ya ewé àjàrà tàbí òdòdó sí i lára, á fi bíléèdì gé e jáde, ṣùgbọ́n á máa fi afárá tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín ibi tó gé kí páálí má baà já. Lẹ́yìn náà, òróró línsíìdì lójú méjèèjì, ká sá a títí yóò fi gan. Bó bá ti gan báyìí, ọ̀dà kò lè rẹ ẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́, a ó fi lẹ́búlẹ́bú búlúù ìfọṣọ pa okùn. Ẹnì kan á mú orí okùn, ẹnì kan á mú ìdí, wọ́n á fà á le mọ́ ògiri, ọ̀gá mi á fi ìka méjì gbé e láàárín, á jù ú sílẹ̀. Pà! Ìlà ti hàn láti igun dé igun. Orí ìlà yẹn ni páálí yóò máa tẹ̀ lé lọ. Burọ́ọ̀ṣì tí a fi ń ṣe é kúrú, irun rẹ̀ le, a kì í fà á rárá. Ńṣe la máa ń fi ẹnu rẹ̀ gún ojú páálí tó-tó-tó, ọ̀dà ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán kó má baà yọ́ sábẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ tó bá jẹ́ kó yọ́ sábẹ́, ìgbájú ló máa kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ ohùn ọ̀gá.

Iṣẹ́ ilẹ̀kùn tún wà. Pákó yẹpẹrẹ la ó kùn tí ẹni tó ń kọjá á fi rò pé igi ọ̀gànwó ni. Kóòmù la fi ń ya iṣan igi sí i kí ọ̀dà tó gbẹ. Bó bá jẹ́ òpó la fẹ́ sọ di òkúta mábìlì, ìyẹ́ adìyẹ la fi ń fa iṣan rẹ̀. Ẹ̀tàn ni, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn tó gba ọpọlọ ni, P.O.P. náà kì í sì í ṣe òkúta.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń wí yìí, pákó ni àjà òkè pẹpẹ. Àwọ̀ sánmà ni wọ́n fi kùn ún, ìràwọ̀ wúrà sì wà káàkiri lára rẹ̀. Kì í ṣe wúrà gidi o, lẹ́búlẹ́bú idẹ tí wọ́n pò mọ́ fáníìṣì ni, àmọ́ bí oòrùn àárọ̀ bá gba fèrèsé wọlé, kò sẹ́ni tó máa bèèrè. Lábẹ́ fèrèsé, ewé àjàrà àti èso rẹ̀ ń tọ ara wọn lẹ́yìn yí ilé ká. Lára ògiri tó tẹ̀ kọrọdọ níwájú pẹpẹ, wọ́n kọ MÍMỌ́ MÍMỌ́ MÍMỌ́ ní lẹ́tà pupa tí wọ́n fi dúdú gbá létí, àmì abẹ́ Ọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ onígun mẹ́rin tó fi ṣóńṣó dúró. Nígbà tí òjò ba ti àárín jẹ́, èmi ni ọ̀gá mi gbé gorí pákó pé kí n tún un kùn. Ọmọ Lèmọ́mù ló kun MÍMỌ́ kejì. Ìyá Ìjọ ìgbà náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ọmọ mi, tìẹ ló tọ́ jù níbẹ̀." Ọ̀gá mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ọdún ìdásílẹ̀ yìí tó dé, ẹmọ́ṣàn ti gorí gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pásítọ̀ kan dé, ó ní òun ò fẹ́ àwọ̀ tó ṣókùnkùn. Òmíràn dé, ó ní kí wọ́n fi àwọ̀ ẹyin sí i. Nígbà tí àtúnṣe ńlá yìí wá bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí èmi náà kọ́ níṣẹ́ wà lára àwọn tó gbà á ṣe. Ó fóònù mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fojú ara yín rí nǹkan." Wọ́n ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kóòrù kúrò lára ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí rólà ẹnikẹ́ni kò dé, àjàrà náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Mo rí ibi tí páálí ti sún, tí ewé kan fi gun èkejì lórí. Mo rí ìlà búlúù ìfọṣọ lábẹ́ rẹ̀. Mo bẹ àwọn wọ́dìn pé kí wọ́n fi ibẹ̀ yẹn nìkan sílẹ̀, kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn kan lọ. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbọ́ mi, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àlàájì, ẹ má bínú sí wa. Àwọn tó dá owó táìlì fẹ́ kó lọ gbọọrọ ni." Ó tán. Táìlì ti wà lórí rẹ̀, sìmẹ́ńtì sì wà lẹ́yìn táìlì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní, ṣebí àwọn òyìnbó tó mú Ìjọ Áńgílíkà wá gan-an fẹ́ràn ògiri funfun. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìlú Stratford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1563, bàbá William Shakespeare tó jẹ́ akápò ìlú náà ló san ṣílè méjì kí wọ́n pa àwòrán inú Guild Chapel rẹ́. Ẹfun ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wọn. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run: ẹfun tí wọ́n fi sin wọ́n ló dáàbò bò wọ́n. Ní 1804, nígbà tí wọ́n ń tún Guild Chapel yẹn ṣe, àwòrán tún yọjú. Ẹfun tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe kì í le mọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí láé. Ẹni tó ní sùúrù àti ọ̀bẹ kékeré lè ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ẹmọ́ṣàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ike ni, awọ ike ló ń di. Ó dì mọ́ ọ̀dà àtijọ́ pinpin, ọjọ́ tó bá sì máa ṣí, tòun ti ọ̀dà àtijọ́ ọ̀hún ni wọ́n á jọ ṣí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn baba wa náà kun funfun, kí ó rántí pé funfun tiwọn àti funfun tiwa kì í ṣe ọmọ ìyá.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin, tí mo fẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ fetí sí dáadáa, bí wọn ò bá tilẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí ọnà. Orí omi la wà ní Èkó. Ọ̀sà yí wa ká, omi kò jìnnà sílẹ̀ rárá, yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ilé mìíràn sì ní iyọ̀. Ògiri àtijọ́, ì báà jẹ́ amọ̀ tàbí bíríkì, ń fa omi láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹfun wà lára rẹ̀, omi náà ń bá afẹ́fẹ́ jáde, ògiri ń mí. Bí ẹ bá wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, tí ẹ fi ẹmọ́ṣàn bò ó, tí ẹ tún lẹ táìlì mọ́ ọn, ibo ni omi fẹ́ gbà? Òkè ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ògiri tó ń wú lókè táìlì, tí iyọ̀ funfun ń hu lára rẹ̀, tí wọ́n ń kùn ún lọ́dọọdún tí kò gbọ́. Wọ́n á ní ọ̀dà náà ni kò dára. Wọ́n á lọ ra èyí tó wọ́n jù. Kò sóhun tó ṣe ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ tún páànù àti ọ̀nà omi orí òrùlé ṣe, kí ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí nídìí ilé, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Lẹ́yìn òkun náà, wọ́n ń rí tiwọn. Àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Bahia ní Brazil mọ ilé Ọlọ́run tí a kùn, wọ́n ti bá a níbẹ̀. Ní Salvador, ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, wúrà ni wọ́n fi bo ọnà igi inú rẹ̀, àwòrán sì wà lára pákó àjà rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2025, apá kan àjà náà já lulẹ̀, ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wá ṣàbẹ̀wò. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé arúgbó kan ló ń sọ pé kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan àtijọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án! Bí pákó àjà bá ti jẹrà, ẹ yọ ọ́ kó má wó lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ wo ohun tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó kó o dà sẹ́yìnkùlé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ pé mo fẹ́ kọ ìwé yìí bá mi jiyàn. Ó ní, "Àwọn Yorùbá tó ń kun ojúbọ kì í fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń kùn ún lákọ̀tun ni." Òótọ́ ló sọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri, dúdú, pupa, funfun, bí ọdún bá sì dé wọ́n á tún un kùn, tí ti èṣí á wọ abẹ́ tọdún yìí lọ. Kò sì sẹ́ni tó ń sunkún. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ìdáhùn mi ni pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn lè bo ti àná nítorí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, ìyá ń fi han ọmọ, ọmọ ń fi han àbúrò. Kò sóhun tó sọnù. Tiwa kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá mi ti kú. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́, bóyá ló ku ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ọmọ tí mo kọ́ mọ ẹmọ́ṣàn àti skríìdì, kò gé páálí rí, nítorí kò sí oníbàárà tó bèèrè fún un láti ìgbà tó ti dá dúró. Ògiri nìkan ló ṣẹ́kù tó lè kọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀. Bí a bá wá bo ògiri náà, ọ̀dọ̀ ta la fẹ́ rán ọmọ lọ?

Ilé ẹbí ńkọ́? Níbẹ̀ ló burú sí jù, torí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ní ìgbìmọ̀ tí a lè bẹ̀. Ẹnu òde ni gbogbo ayé ń wò. Ilé Omi tí bàbá da Rocha kọ́ sí Kakawa, àwọn oníkámẹ́rà ń dúró síwájú rẹ̀. Ilojo Bar ní Tinubu, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, tí wọ́n sì wó lójú gbogbo wa ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, fèrèsé òkè rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn rántí. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ ti rí fọ́tò àwọ̀ inú yàrá rẹ̀ rí. Èmi náà kírun nínú Mọ́ṣáláṣí Àárín Gbùngbùn Èkó ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 1913, kí wọ́n tó kọ́ ti ìsinsìnyí tí wọ́n ṣí ní 1988. Títí di òní mo ṣì ń wá ẹni tó ní fọ́tò inú rẹ̀ tó dára.

Lágbègbè Bámgbóṣé, ilé alájà kan wà tí wọ́n pè mí sí nígbà tí ẹbí ń pín in. Pálọ̀ òkè ni mo dúró sí. Ara ògiri ti ń ṣí. Mo mú èèpo ọ̀dà kan tó já bọ́ sílẹ̀, mo fi omi nu etí rẹ̀, mo gbé e sójú oòrùn lójú fèrèsé. Bí èèpo àlùbọ́sà ló ṣe tò léra: funfun ẹmọ́ṣàn lókè, àwọ̀ ẹyin, àwọ̀ ewé títàn tó gbayì nígbà Òmìnira, búlúù, pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹfun nísàlẹ̀ pátápátá. Lára pupa yẹn ni òdòdó wà, ewé mẹ́rin mẹ́rin, tí ìlà wúrà sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n ìbàdí ènìyàn. Màmá àgbà ilé náà, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ní òun rántí òdòdó yẹn. Òun máa ń fi ìka tọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ní kí òun kúnlẹ̀ kojú sí ògiri nítorí ìwà pálapàla. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n dúró níbẹ̀ kò gbọ́ èyí rí. Ìjà ilẹ̀ dáwọ́ dúró díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mi ò níí tàn yín.

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má torí ìwé mi kí ẹ wá máa fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àwa kò mọ̀ nígbà náà, a ń ha á, a sì ń fi ọwọ́ yẹn jẹ àkàrà. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ bo imú, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò wọ́n. Kí ẹ tó kun ibikíbi, ẹ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn ọ́gáànù, ẹ̀yìn àwọn páànù idẹ tí wọ́n fi ń ṣèrántí òkú, inú àjà tí P.O.P. fẹ́ bò. Ibẹ̀ ni ọ̀dà àkọ́kọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi fóònù yà á lójú ọ̀sán láìtan iná. Ẹ na náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara lé e, kí ọmọ ilé-ìwé kan fi máákà tọ ọnà rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó wà sí i lára, kí ẹ fi í sínú àpótí ìwé ìjọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwọ̀n yáàdì kan sílẹ̀ láìkùn, ní kọ̀rọ̀ pàápàá. Ní Róòmù, nígbà tí wọ́n fọ èéfín àbẹ́là àti ìdọ̀tí kúrò lára àjà Sistine Chapel tí Michelangelo kùn láàárín 1508 sí 1512, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àpá dúdú kéékèèké sílẹ̀ láìfọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Bí Póòpù bá lè fara da àpá dúdú lórí àjà tirẹ̀, àwọn wọ́dìn wa lè fara da yáàdì kan lẹ́yìn ọ́gáànù.

Bí ìjọ tàbí ẹbí kan bá wà tó fẹ́ kí ẹnì kan wá bá wọn wò ó, kí wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín, ẹ̀yin mọ ibi tí ẹ ó ti rí mi. Mi ò gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣáà ní ọ̀dọ́ kan tó lè gun àkàbà, kí wọ́n sì má tíì ra ẹmọ́ṣàn. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bá mi tẹ ìwé yìí kí òjò tó dá, torí bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé ni àwọn ìjọ máa ń gbé iṣẹ́ ọ̀dà síta kí ilé lè dùn ún wò fún Kérésì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àlàájì Akunlé,
Làfíàjí, Erékùṣù Èkó.